Ewúro Ẹ̀yìnkùlé: Bí A Ṣe Ń Dá A Mọ̀ àti Bí A Ṣe Ń Gbìn Ín

Bí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́, tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ a máa wọ́n lọ́jà, owó tí a fi ń ra ìdì mẹ́ta ní ìgbà òjò kò sì ní ra ìdì kan mọ́. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ewé kan wà tí kì í fi ilé sílẹ̀. Ewúro ni. Gbòǹgbò rẹ̀ ti rìn jìnnà nínú ilẹ̀ láti wá omi, nítorí náà kò bìkítà púpọ̀ fún ọ̀dá. Ilé tí ó bá ní igi ewúro méjì tàbí mẹ́ta ní ẹ̀yìnkùlé kò ní ṣàìrí ẹ̀fọ́ sè láti oṣù Kejìlá títí di oṣù Kẹta, bí ó ti wù kí ọjà le tó.

Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ìlú ńláńlá wa, sìmẹ́ńtì ti bo ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ń jẹ ọbẹ̀ ewúro ni kò mọ ewúro lórí ìdúró. Ewé tí a ti fọ̀, tí a sì ti dì sínú ọ̀rá ni wọ́n mọ̀. Èyí ìbá má burú púpọ̀ bí ó bá jẹ́ ti ọbẹ̀ nìkan. Ohun tí ó burú ni pé àwọn kan ń já ewé tí ó bá ṣáà ti korò ní etí ọ̀nà, wọ́n ń gún un, wọ́n ń mu omi rẹ̀, wọ́n sì ń sọ pé ewúro ni àwọn mu. Kíkorò nìkan kọ́ ni a fi ń mọ ewúro. Ewé korò púpọ̀ lóko, òmíràn nínú wọn sì lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá. Nítorí èyí ni a ṣe rò pé ó tọ́ láti ṣe àlàyé lẹ́sẹẹsẹ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa nípa igi yìí, àwọn ìbátan rẹ̀, àti bí ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ilẹ̀ tí kò ju ẹnu ọ̀nà lọ ṣe lè gbìn ín.

Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu láti gbọ́ pé ọmọ ìyá kan náà ni ewúro àti òdòdó oòrùn, èyí tí a ń gbìn ní ilẹ̀ òkèèrè nítorí òróró inú irúgbìn rẹ̀. Àwọn onímọ̀ nípa ewéko kó wọn pọ̀ sínú ìdílé tí wọ́n ń pè ní Asteraceae. Ìdílé ńlá ni. Oríṣi ewéko tí ó wà nínú rẹ̀ ju 20,000 lọ káàkiri ayé. Ohun tí ó so wọ́n pọ̀ ni ọ̀nà tí wọ́n gbà ń tanná. Ohun tí ojú wa ń rí bí òdòdó kan ṣoṣo kì í ṣe ọ̀kan rárá. Òdòdó wẹ́wẹ́ púpọ̀ ni ó péjọ sórí ìjókòó kan, tí ewé kéékèèké sì yí wọn ká bí ọgbà ti í yí ilé ká. Bí ẹ bá fa òdòdó oòrùn ya, ẹ ó rí wọn ní àárín, ọgọ́ọ̀rọ̀ọ̀rún. Bí ẹ bá fa òdòdó ewúro ya, ẹ ó rí wọn bákan náà, àfi pé àwọn ti ewúro kéré, wọn kò sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ilé àti oko wa kún fún àwọn ẹbí yìí láìjẹ́ pé a mọ̀. Ẹ̀bọ̀lọ̀ tí í hù lórí ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dáná sun wà nínú wọn. Yánrin tí oje funfun í jáde lára rẹ̀ bí a bá já a wà nínú wọn, àti wọ̀rọ̀wọ́ tí í gun igi lábẹ́ òjìji kòkó. Yúnyún olódòdó ìyeyè, tí àwọn àgbà ń fún sójú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, ẹbí wọn ni. Ewé Akíntọ́lá náà ń bẹ níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àlejò ni òun ní ilẹ̀ wa: ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1937 ni irúgbìn rẹ̀ sì bá irúgbìn igi Gmelina wọ ilẹ̀ Nàìjíríà ní agbègbè Enugu. Láti ìgbà náà ni ó ti gba oko mọ́ àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́.

Imí-èṣù pẹ̀lú jẹ́ ọ̀kan nínú ìdílé yìí, òun ni a sì fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún jùlọ. Ní agbègbè Tigray ní ilẹ̀ Ethiopia, a ṣàkíyèsí àrùn ẹ̀dọ̀ kan láàárín àwọn ará abúlé ní ọdún 2001. Ikùn wọn ń wú, àwọn kan sì kú. Nígbà tí àwọn olùwádìí tú ọ̀ràn náà wò, imí-èṣù ni wọ́n tọ́ka sí: ó ń hù láàárín ọkà, wọ́n ń kórè rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọkà láìmọ̀, oró inú rẹ̀ sì ń bá oúnjẹ wọlé. Ìdí rèé tí kò fi tọ́ kí ẹnikẹ́ni máa sọ pé ẹbí ewúro ni ewé kan, nítorí náà kò lè pa ènìyàn.

Ó wá kù kí a mọ ewúro fúnra rẹ̀. Igi kékeré ni, ó sábà máa ń ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí a kò bá gé e rárá ó lè ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èèpo ara rẹ̀ ní àwọ̀ eérú, ó sì rí ṣákaṣàka, ṣùgbọ́n irun wẹ́wẹ́ bo àwọn ẹ̀ka tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Ewé rẹ̀ sábà máa ń gùn tó ínǹṣì mẹ́rin sí mẹ́fà, fífẹ̀ rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí ínǹṣì méjì lọ. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ ní ṣóńṣó, ó tún tẹ́ẹ́rẹ́ ní ìdí. Bí ẹ bá fi ìka tọ́ etí rẹ̀, ẹ ó mọ eyín wẹ́wẹ́ bí eyín ayùn. Iṣan ńlá kan ṣoṣo ni ó la ewé náà já ní àárín.

Ohun tí ó dájú jùlọ láti fi dá a mọ̀ ni bí ewé rẹ̀ ṣe tò sára ẹ̀ka. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń yọ, ọ̀kan níhìn-ín, òmíràn lókè rẹ̀ lọ́hùn-ún. Méjì kì í dojú kọ ara wọn ní oríkèé kan. Ewé Akíntọ́lá kò rí bẹ́ẹ̀: méjìméjì ni tirẹ̀ ń yọ tí wọ́n sì dojú kọ ara wọn, iṣan mẹ́ta ni ó sì tú ká láti ìdí ewé rẹ̀. Jogbo ni ó máa ń tan ènìyàn jẹ jù, igi olódòdó ìyeyè ńlá tí ó kún etí ọ̀nà wa bí òjò bá ń lọ sópin. Òun náà korò gan-an, ẹbí ni òun náà, ewé rẹ̀ sì ń yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ti ewúro. Ṣùgbọ́n ewé jogbo ní ìka mẹ́ta tàbí márùn-ún bí àtẹ́lẹwọ́ tí a là, ewúro kò sì ní ìka. Àwọn tí ń fi jogbo ṣe àgbo ibà wà, ṣùgbọ́n ìwádìí tí a ṣe lára eku ti fi hàn pé omi ewé náà lè ba kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ẹni tí ó bá mu jogbo tí ó rò pé ewúro ni òun mu ti ṣi ara rẹ̀ lọ́nà gidigidi.

Ewúro ní ìbejì kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Vernonia colorata. Etí ewé tirẹ̀ sábà máa ń dán láìní eyín, ìdí ewé náà sì yí róbótó díẹ̀ ju ti ewúro lọ. Àwọn ènìyàn ń jẹ òun náà ní ibi púpọ̀, nítorí náà ẹni tí ó bá ṣì í mú kò tíì kó sí ìyọnu.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ewúro ń tanná. Òdòdó rẹ̀ funfun bí wàrà, nígbà mìíràn a ní àwọ̀ elésè àlùkò fẹ́ẹ́rẹ́. Wọ́n kéré, wọ́n sì péjọ pọ̀ ní ṣóńṣó ẹ̀ka bí agbòòrùn. Kò ní ewé òdòdó gígùn tí í yí ti òdòdó oòrùn ká. Ní ìrọ̀lẹ́, ó ń ta sánsán, àwọn oyin a sì máa ṣù bò ó. Bí òdòdó náà bá gbẹ, irúgbìn wẹ́wẹ́ tí ó ní irun lórí ni í kù, afẹ́fẹ́ a sì gbé e lọ.

Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tí ń jẹ́ Delile ni ó kọ́kọ́ fún un ní orúkọ ìwé ní ọdún 1826. Vernonia amygdalina ni ó pè é. Ìrántí William Vernon ni orúkọ èkíní, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó lọ kó ewéko jọ ní Maryland ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Orúkọ èkejì ń sọ pé ewé rẹ̀ jọ ti igi álímọ́ńdì. Álímọ́ńdì ti ilẹ̀ òkèèrè ni ó ní lọ́kàn, kì í ṣe igi fúrúùtù tí àwọn ọmọ wa ń ṣa èso rẹ̀ ní àgbàlá ilé-ìwé. Lónìí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti yí orúkọ náà padà sí Gymnanthemum amygdalinum. Àwọn Haúsá ń pè é ní shuwaka, àwọn Ìgbò ń pè é ní onugbu, àwa sì wà níbi tí a wà láti ọjọ́ tó ti pẹ́: ewúro.

Ní ti gbígbìn, ẹ̀ka ni ó yẹ kí a gbìn, kì í ṣe irúgbìn. Irúgbìn ń hù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń fa ẹsẹ̀, ọmọ tí ó bá sì hù lè má jọ ìyá. Ẹ̀ka kò rí bẹ́ẹ̀. Bí igi tí a gé e lára rẹ̀ bá ṣe rí ni òun náà yóò rí, nínú kíkorò, nínú fífẹ̀ ewé àti nínú rírọ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó tọrọ ẹ̀ka lọ́wọ́ aládùúgbò, ẹ kọ́kọ́ já ewé kan níbẹ̀ kí ẹ tọ́ ọ wò. Kíkorò igi kò dọ́gba, ìyàwó ilé tí ó ti fọ ewúro rí mọ ìyàtọ̀ náà ju ìwé lọ.

Kí ẹ mú ẹ̀ka tí ó ti gbó, tí ó tóbi tó àtàǹpàkò, kì í ṣe ọ̀jẹ̀lẹ́ tí ó ṣì tutù yọ̀yọ̀. Ẹ gé e ní gígùn ẹsẹ̀ bàtà kan sí ọ̀kan ààbọ̀, kí ó ní ojú mẹ́ta ó kéré tán. Ẹ gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ṣóńṣó, kí òkè rẹ̀ tẹ́jú, kí ẹ má baà fi orí sọlẹ̀. Ẹ̀ka tí a bá dorí rẹ̀ kodò ń gbẹ ni. Lẹ́yìn náà ẹ tì í sínú ilẹ̀ dé ìdajì, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe dúró ṣánṣán. Kí ó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tí ó fara ti ògiri. Ìdí tí a fi ń ṣe èyí ni pé ẹ̀ka tí ó dúró ṣánṣán sábà máa ń yọ ọ̀mùnú ní orí nìkan, ṣùgbọ́n èyí tí ó fì ń yọ ní ojú púpọ̀, ọ̀mùnú púpọ̀ sì ni ewé púpọ̀.

Ìgbà tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, láti oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹfà, ni ó dára jù. Ẹni tí ó bá ní kànga lè gbìn nígbàkigbà, bí kò bá jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó di igi, ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí àárín ọ̀kan àti èkejì. Bí ó bá jẹ́ pé ọgbà yí ilé ká ni ẹ fẹ́ fi ṣe, ẹ lè mú wọn súnmọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilẹ̀ gbogbo ni ó gbà á, àfi ibi tí omi ń dúró sí. Ìgbẹ́ adìẹ tí ó ti jẹrà, eérú díẹ̀, àti pàǹtí ilé ìdáná tí a bò mọ́lẹ̀ tó o. Ẹ má ṣe gbìn ín sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí àwọn mẹkáníìkì ti ń da ọ́ìlì sílẹ̀ tàbí sórí ààtàn àtijọ́ tí a ń da bátìrì sí. Ewé tí ó bá hù níbẹ̀ lè tutù, kí ó sì fẹ̀, síbẹ̀ kí ó jẹ́ pé májèlé ni ó ń fà sókè.

Nígbà tí ó bá pé oṣù méjì sí mẹ́ta, a lè bẹ̀rẹ̀ sí já a. Níbí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ba igi wọn jẹ́. Wọn a máa ya ewé láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, wọn a fi ṣóńṣó sílẹ̀, igi a sì máa sáré lọ sókè láti wá oòrùn. Láàárín ọdún méjì, ìhòòhò ni igi náà láti ilẹ̀ dé òkè orí, ìdì ewé kan ṣoṣo sì wà níbi tí ọwọ́ kò tó. Ṣóńṣó gan-an ni ó yẹ kí a gé. Bí a bá gé e, ojú tí ó wà nísàlẹ̀ a yọ ẹ̀ka méjì tàbí mẹ́ta. Igi tí ó bá sì ti gbó, kí a fi àdá gé gbogbo rẹ̀ wálẹ̀ dé orúnkún nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe fòyà, yóò padà rúwé, ewé náà yóò sì rọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bí ó bá sì ń múra láti tanná, kí a gé ẹ̀ka òdòdó náà kúrò, nítorí igi tí ó bá ń tọ́jú òdòdó kì í ráyè ewé.

Ọ̀tá rẹ̀ tí ó tóbi jùlọ ni tata aláràbarà nì, èyí tí ń rùn bí a bá fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ ń gbin ẹ̀gẹ́ mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó fẹ́ràn òdòdó ewé Akíntọ́lá púpọ̀, nítorí náà ẹni tí ó bá fi ewé Akíntọ́lá sílẹ̀ kí ó kún yí ọgbà rẹ̀ ká ń pe àlejò tí kò ní fẹ́ bọ́ ni. Àwọn ọmọ rẹ̀ dúdú, wọ́n sì ní àmì ìyeyè. Agbo agbo ni wọ́n ń sùn lórí ewé. Ní òwúrọ̀ kùtù, kí oòrùn tó mú wọn lára yá, a lè gbọ̀n wọ́n sínú ike omi. Èyí tí ó sàn jù ni kí a wá ibi tí àwọn ìyá wọn ń yé ẹyin sí, èyí tí í jẹ́ ilẹ̀ rírọ̀ lábẹ́ òjìji, tí wọ́n ti péjọ púpọ̀ sójú kan. Bí a bá fi ọkọ́ tú ilẹ̀ náà kí oòrùn pa ẹyin, a ti gba ara wa lọ́wọ́ wọn fún ọdún tí ń bọ̀. Kòkòrò kan tún wà tí í lu inú igi ewúro. Ẹ̀ka tí ó bá dédé rọ, kí a gé e kí a sì sun ún. Kò sí ìdí kankan láti fọ́n apakòkòrò sí ewé tí a ó sè lọ́la.

Kò yẹ kí a máa kọ́ àwọn ìyá wa bí a ṣe ń fọ ewúro, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣì wà láti sọ. Nínú ìwọ̀n gíráàmù 100 ewúro tútù, omi jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 82, èròjà tí ń mú ara dàgbà tó gíráàmù 5, èròjà tí ń mú egungun le tó mílígíráàmù 145. Nínú rẹ̀ náà ni èròjà ẹ̀jẹ̀ àti fítámì C wà. Bí a bá fi iyọ̀ fọ̀ ọ́, tí a tún bọ̀ ọ́ pẹ̀lú kán-ún, tí a sì tún fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, omi dúdú tí a dà nù ni ó kó púpọ̀ nínú fítámì wọ̀nyí lọ. Kí a fọ̀ ọ́ níwọ̀nba, kí a fi ẹ̀gúsí sè é, kí ó ku ìkorò díẹ̀. Adùn ní í gbẹ̀yìn ewúro, àwọn àgbà ni ó sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá sì fọ gbogbo ìkorò rẹ̀ tán kò ní bá adùn náà pàdé.

Ní ti oògùn, ènìyàn nìkan kọ́ ni ó mọ̀ pé ewúro wúlò. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1987, ní òkè Mahale ní ilẹ̀ Tanzania, Michael Huffman àti Mohamedi Seifu, ọmọ ìbílẹ̀ Tongwe tí ó mọ ewé, rí abo ìnàkí kan tí ara rẹ̀ kò yá. Ó já ẹ̀ka ewúro, ó bó èèpo àti ewé rẹ̀ dànù, ó sì ń fa omi inú rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ara rẹ̀ ti dá. Wọ́n gbé ìròyìn náà jáde ní ọdún 1989, láti ìgbà náà ni àwọn olùwádìí ti ń wo ewúro lójú mìíràn.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe torí ìnàkí kọ ilé ìwòsàn sílẹ̀. Nínú ìwádìí kan tí a gbé jáde ní ọdún 2009, a fún àwọn tí ibà ń ṣe ní omi ewúro. Ara nǹkan bí 67 nínú ọgọ́rùn-ún wọn yá nígbà tí ó fi di ọjọ́ kẹrìnlá. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí nìkan yóò yọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, 32 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni kòkòrò ibà ti tán lára wọn pátápátá, ó sì tún padà sára ọ̀pọ̀ nínú àwọn wọ̀nyí. Èyí já sí pé ara lè dà bí ẹni pé ó ti dá, kí ibà ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀, pàápàá ẹ̀jẹ̀ ọmọdé. Bákan náà ni ti àtọ̀gbẹ. Omi ewúro ń dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ eku kù nínú ìwádìí, ṣùgbọ́n kò tíì di ohun tí a lè fi rọ́pò oògùn dókítà; ẹni tí ó bá sì ń lo méjèèjì pọ̀ láìsọ fún dókítà lè rí i pé ṣúgà ara rẹ̀ lọ sílẹ̀ jù, tí ojú yóò fi ṣókùnkùn. Aláboyún lè jẹ ọbẹ̀ ewúro, ṣùgbọ́n kí ó yẹra fún omi rẹ̀ tí a gún tí ó ki, nítorí ìwádìí lára ẹranko fi hàn pé ó lè mú ilé ọmọ súnkì.

Ẹni tí àyè bá gbà kí ó fi igi kan sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀ ọgbà láìgé òdòdó rẹ̀. Àwọn oyin yóò rí nǹkan jẹ ní àkókò tí òdòdó mìíràn ṣọ̀wọ́n, ẹ̀ka igi náà yóò sì ti gbó dáadáa nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, tí àwọn aládùúgbò bá wá tọrọ èyí tí wọn yóò gbìn.